Bí Mo Ṣe Gbẹ̀san Ẹ̀wà Sóyà Mi

Wàrà sóyà ni mo ń dín tà níwájú ilé wa ní Dichemso, ní Kumasi, nílẹ̀ Gáànà, kí n tó di ẹni tó ń gbin sóyà. Àwọn Hausa tó ń rà á lọ́wọ́ mi ń pè é ní àwárà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè é ní kẹ́bàbù, torí pé mo máa ń fi igi gún un, mo sì máa ń bu ata àti àlùbọ́sà lé e lórí. Láàárọ̀, màá lọ sóyà tí mo ti rẹ mọ́jú, màá sẹ́ ẹ, màá gbé omi rẹ̀ kaná, màá fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ mú un dì. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni sóyà tí à ń rà lọ́jà. Òkúta ń bẹ níbẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, àwọn èso koríko dúdú kéékèèké á sì pọ̀ nínú rẹ̀ tí màá máa ṣà á títí ojú á fi máa ro mí. Èyí ló jẹ́ kí n máa ronú pé kí n gbin tèmi.

Ilẹ̀ kan wà tí bàbá ọkọ mi gbà lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ní abúlé kan tí a ń gba Santasi kọjá kí a tó dé. Tròtrò, ọkọ̀ akérò wa, á já wa sílẹ̀ níbi tí ọ̀dà títì parí sí, a ó sì fẹsẹ̀ rin ìyókù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló ń fi gbogbo ilẹ̀ náà gbin àgbàdo. Hàjíyá ni gbogbo ẹbí ń pè é, èmi náà ò sì pè é ní nǹkan mìíràn rí. Ẹni tó bá ń ka èyí á ti rí i pé mi ò sọ pé “wọ́n” bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Lójú rẹ̀, mo máa ń sọ “ẹ” àti “wọ́n”, mo sì máa ń kúnlẹ̀ kí i. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè dìde dúró.

Nàìjíríà ni wọ́n ti tọ́ òun àti ọkọ mi dàgbà. Ọkọ mi wá bá bàbá wọn ní Kumasi nígbà tó ṣì kéré, ó sì kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà níbẹ̀. Hàjíyá ò wá títí bàbá wọn fi kú, ẹ̀yìn náà ló wá. Èmi ní tèmi, Fante New Town, ní Kumasi kan náà, ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí bàbá mi sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Yorùbá ni wá. Bí mo bá ń sọ Yorùbá, Twi á ti yọjú láàárín rẹ̀ kí n tó mọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Hàjíyá wọlé wa, mo ní, “Ẹ jókòó, Hàjíyá, mepa wo kyɛw.” Bí àwọn aráa Kumasi ṣe ń bẹ èèyàn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ nìyẹn. Ó kọjú sí ọkọ mi, ó ní, “Ṣé o ò rí ọmọ Yorùbá fẹ́ ni?”

Àwọn ọmọ mi ń jẹun lọ́wọ́. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n ń wò mí.

Mo gbé e mì. Aya tí kò bá lè gbé nǹkan mì kò lè pẹ́ nílé ọkọ, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn.

Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ gbin sóyà, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní kó fún mi ní ìdajì ilẹ̀ náà. Hàjíyá ní kò burú. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ra irúgbìn, mo gba àwọn obìnrin tó ń roko lábúlé náà, a ṣán ilẹ̀, a gbìn ín nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Sóyà mi hù. Mo máa ń lọ wò ó ní gbogbo ìgbà tí àyè bá wà. Ewé rẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, ó ní irun kéékèèké lára, ó rí jọ̀jọ̀ bí etí ọmọ ewúrẹ́.

Koríko náà hù. Sóyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù kì í lè bá koríko jà. Bí ó bá dàgbà, tí ewé rẹ̀ bá pàdé ara wọn, òun fúnra rẹ̀ á bo koríko mọ́lẹ̀, àmọ́ kó tó dé ibẹ̀, ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni. Tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún ń dìde láàárín tèmi. Ẹ̀kan ń yọ abẹ́rẹ́ jáde nínú ilẹ̀. Èyí tó burú jù ni ọ̀kan tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá títí di òní. Bí èèyàn bá já a, oje funfun á tú jáde lára rẹ̀ bíi wàrà. Olóje ni mo ń pè é. Bí o bá fa ọ̀kan tu lónìí, ọ̀pọ̀ á ti hù dípò rẹ̀ kí o tó padà wá.

Ibẹ̀ ni Hàjíyá ti bá mi lọ́jọ́ kan. Mo tẹ̀, mo ń fọwọ́ tu ú.

“Ìyàwó, ṣé ọwọ́ lo fẹ́ fi tu gbogbo èyí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Hàjíyá. Ẹ̀yìn ń ro mí, àmọ́ kí ni mo lè ṣe?”

“Ọkùnrin tó ń bá mi fín oògùn sí àgbàdo ń bọ̀ lọ́jọ́ Àlàmísì. Màá ní kó fín tìẹ náà. Oògùn wà nílẹ̀. Má dààmú ara rẹ.”

Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ yẹn, mo dúpẹ́. Mo ṣì ń rántí bí ilẹ̀ ṣe tutù lórúnkún mi. Mo dé ilé, mo sọ fún ọkọ mi pé ọkàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń yọ́ sí mi. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó lọ ra ẹran.

Nígbà tí mo padà sóko lẹ́yìn tí ọkùnrin náà fín in, mo kọ́kọ́ rò pé mo ṣìnà. Ewé sóyà mi ti ká kò bí ọ̀rá tí iná rà. Igi rẹ̀ lọ́ bí ọrùn adìẹ tí wọ́n fún. Mo rìn wọ àárín rẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ ti kú, olóje ti kú, ṣùgbọ́n ẹ̀kan àti àwọn koríko eléwé tẹ́ẹ́rẹ́ ṣì dúró. Àgbàdo Hàjíyá lápá kejì dúró, ó ń mì lẹ́lẹ́. Mo jókòó sílẹ̀. Mi ò sunkún. Mo já ìdì kan lára àwọn tó kú náà, mo wá ìgò oògùn tí wọ́n jù sẹ́bàá oko, mo kó méjèèjì sínú àpò, mo wọ tròtrò lọ sí ìgboro, sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oògùn oko nítòsí Kejetia.

Obìnrin tó ń tajà níbẹ̀ wo ìgò náà, ó wo ewé náà. Twi ló fi bá mi sọ̀rọ̀.

“Maame, ta ló ní kí o fi èyí sí ẹ̀wà?”

“Kí ló ṣe é?”

“Oògùn àgbàdo ni. Kì í fọwọ́ kan àgbàdo àti koríko tó bá jọ ọ́. Ohun tó bá ní ewé pẹlẹbẹ ló ń pa. Ewé ẹ̀wà ńkọ́, báwo ló ṣe rí?”

Mo dúpẹ́, mo jáde. Títí di ìgbà náà, mo ṣì ń sọ fún ara mi pé Hàjíyá ò mọ̀ ni. Èèyàn lè ṣe àṣìṣe. Mo padà lọ sí abúlé, mo wá ọkùnrin tó fín oògùn náà rí. Ó ń fọ páńpù tó máa ń pọ̀n sẹ́yìn létí odò. Ó bínú nígbà tí mo bi í léèrè, ó rò pé ẹjọ́ ni mo fẹ́ bá òun ṣe.

Ó ní, “Mo sọ fún Hàjíyá pé ẹ̀wà nìyí. Mo dúró síbẹ̀, mi ò fín in. Ó ní ìwọ lo rán òun. Ó ní o ti yí ọkàn padà, o fẹ́ pa gbogbo rẹ̀ kí wọ́n lè fi gbin àgbàdo.”

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n kírun tán, ẹbí máa ń kó jọ sílé Hàjíyá láti jẹun. Mo lọ. Mo dúró láàárín yàrá, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, mo sì fi Yorùbá sọ gbogbo rẹ̀, mo rọra ń yan ọ̀rọ̀ kí Twi má baà yọ sí i. Hàjíyá ń fọ ọwọ́ nínú abọ́. Ó jẹ́ kí n sọ tán.

Ó ní, “Koríko ni mo ní kí ó pa. Ta ló mọ̀ pé ẹ̀wà tìẹ náà ò yàtọ̀ sí koríko?”

Àwọn ará ilé rẹ́rìn-ín. Mi ò rò pé gbogbo wọn mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣẹ̀rín. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n jókòó, kí n jẹun, ìrẹsì ń tutù lọ. Ọkọ mi wo ilẹ̀. Kí òjò tó dá, Hàjíyá ti gbin àgbàdo sí apá tèmi. Ó ní ilẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣòfò.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba àdúrà tí kò dára. Bí mo bá fi orí kanlẹ̀, dípò kí n tọrọ ìlera fún àwọn ọmọ mi, ohun tí mo ń sọ ni bí mo ṣe fẹ́ kí nǹkan rí fún obìnrin náà. Mo ń ro ó nídìí iná. Mo ń ro ó bí mo bá ń ṣa òkúta nínú sóyà ọjà. Nígbà mìíràn, oníbàárà á dúró pẹ́ níwájú mi kí n tó gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ọkọ mi mọ̀. Ó ní, “Wọ́n ní ẹ̀san kò gbóògùn. Fi í fún Ọlọ́hun.”

Mo ní, “Bàbá àwọn ọmọ, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Màá bá a ṣe èyí.”

Ó ní àsítàgàfírùlà. Kò rẹ́rìn-ín, èmi náà ò sì ṣe àwàdà.

Ohun tó ṣe fún mi ni pé kí òjò ọdún kejì tó dé, ó lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mi ò tẹ̀ lé e, àmọ́ mo gbọ́ pé ó pariwo. Ẹni tó mọ ọkọ mi á mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ó ní bàbá òun ló ni ilẹ̀ náà, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ tòun, ohun tó bá wu ìyàwó òun ni kó fi ṣe. Ó ri ọ̀pá sáàárín ilẹ̀ náà láti pín in.

Mo mú ọkọ́ mi, mo padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò gba oògùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ro ilẹ̀ náà, n kò sì gbin nǹkan kan sí i. Mo jẹ́ kí òjò rọ̀. Koríko rò pé ilẹ̀ ti di tiwọn, gbogbo wọn yọrí jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n tutù yọ̀yọ̀. Ìgbà náà ni mo wọ inú wọn lọ, mo fi ọkọ́ gé wọn lórí kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí mo ti pa àwọn yẹn tán ni mo tó gbin sóyà. Mo gbìn ín súnmọ́ ara wọn, ilà sí ilà, kí ewé wọn lè tètè pàdé, kí wọ́n fi òjìji pa ohun tó bá tún fẹ́ hù.

Ìkórìíra ni mo fi ro oko ọdún náà, mi ò ní purọ́. Bí mo bá fa olóje tu, mo máa ń wo oje rẹ̀ bó ṣe ń kán, ọkàn mi á sì balẹ̀. Ti ẹ̀kan, mi ò gé e, mo wa gbòǹgbò rẹ̀ jáde, gígùn, funfun, onírísí ìdin, mo tò wọ́n sórí àpáta nínú oòrùn. Bí mo bá ń lọ sílé lọ́sàn-án, màá yà wò wọ́n bóyá wọ́n ti gbẹ. Mo máa ń bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ rò pé orin ni mo ń kọ.

Sóyà náà ṣe dáadáa. Ewé rẹ̀ bo ilẹ̀ débi pé o ò lè rí ilà mọ́. Nígbà tí ó gbẹ, tí a fi igi lù ú, tí a fẹ́ ẹ, èso rẹ̀ jáde ní mímọ́, ó yípo, ó ń dán. Mo lo èyí tó tó mi fún wàrà, àwọn tó ń sin adìẹ lẹ́yìn ìlú sì wá ra ìyókù lóko níbẹ̀. Hàjíyá dúró lápá tirẹ̀ láàárín igi àgbàdo tó gbẹ, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń di àpò sínú ọkọ̀. Mo kí i. Mo kúnlẹ̀ dáadáa.

Ní ọdún kẹta, ó fi àgbàdo sílẹ̀, ó gbin sóyà.

Mo dúró lápá tèmi, mo wo bó ṣe gbìn ín. Ó ta irúgbìn rẹ̀ jìnnà síra wọn bí ẹni ń gbin àgbàdo. Kò jẹ́ kí koríko kọ́kọ́ hù, kó pa á, kó tó gbin irúgbìn. Ilẹ̀ rẹ̀ sì kún fún olóje, torí kò fà á tu rí, oògùn ló ń fín ní gbogbo ọdún. Mo mọ ohun tó ń bọ̀. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ̀ pé wàrà tí kò dì á fọ́ nínú òróró. Mo pa ẹnu mi mọ́.

Nígbà tí koríko bẹ̀rẹ̀ sí í ga ju ẹ̀wà rẹ̀ lọ, ó rìn wá sídìí ọ̀pá tí ọkọ mi rì.

“Ìyàwó, oògùn wo lo fín?”

“Mi ò fín nǹkan kan, Hàjíyá.”

“Kò ṣeé ṣe. Sọ ọ́ fún mi. Èyí tí kò ní pa ẹ̀wà.”

Mo ní, “Hàjíyá, ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé ẹ̀wà àti koríko ò yàtọ̀ síra wọn. Èmi ò mọ̀ ju tiyín lọ.”

Ó wò mí. Mo rí i pé ó yé e. Ó yíjú padà, ó ní òun á gba àwọn tó ń roko, kí wọ́n wá tu ú.

Ohun tó sọ yẹn ló gbé èrò wá fún mi. Lábúlé náà, àwọn obìnrin tó ń roko fún owó ò ju agbo kan lọ. Láti òkè, lápá àríwá, ni púpọ̀ wọn ti wá, olórí kan ló sì ń kó wọn kiri. Ọ̀dọ̀ olórí yẹn ni mo gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ní mo fẹ́ gbogbo wọn, láti ọ̀la lọ títí ọ̀sẹ̀ náà fi máa parí.

Ó yà á lẹ́nu. “Oko rẹ mọ́, Maame. Kí ni a fẹ́ ro níbẹ̀?”

“Mo fẹ́ kó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Owó tí mo ti kó jọ láti ra ẹ̀rọ ìlọta tuntun ni mo fi san án. Mo gbé wáákyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀, wá fún wọn láti ìgboro láràárọ̀, mo sè é dáadáa, mo fi ẹja sí i. Wọ́n rìn láàárín ilà sóyà mi, wọ́n ń wá koríko bí ẹni ń wá iná lórí ọmọ. Bí wọ́n bá rí ọ̀kan, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fi hàn mí. Mo ní kí wọ́n má kánjú. Mo ní kí wọ́n jókòó lábẹ́ òjìji, kí wọ́n sinmi, oòrùn mú. Lápá kejì ọ̀pá, Hàjíyá ń lọ, ó ń bọ̀. Ó bá olórí wọn sọ̀rọ̀. Olórí wọn fi ọwọ́ tọ́ka sí mi.

Ó pè mí. “Ìyàwó, fún mi ní díẹ̀ lára wọn.”

“Ẹ ò ní bínú, Hàjíyá. A ò tíì parí.”

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé mo fi ọ̀rọ̀ kan ṣẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí mo dá àwọn obìnrin náà sílẹ̀, olóje ti bo sóyà Hàjíyá, sóyà náà sì ti ń yọ òdòdó lábẹ́ rẹ̀. Bó bá ti di ìgbà yẹn, kò yẹ kí wọ́n tún wọ inú rẹ̀ lọ máa tu koríko, torí pé òdòdó á gbọ̀n dànù. Kò mọ̀ ọ́n. Ó kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin wá láti ìgboro, wọ́n wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú àdá bí ẹni wọ igbó. Mo jókòó, mo ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun. Mo ń gbọ́ bí igi sóyà ṣe ń kán.

Díẹ̀ ló kù fún un láti kórè. Olóje tó ṣẹ́ kù ṣì tutù nígbà tí sóyà gbẹ, wọ́n jọ kó o pọ̀, wọ́n jọ lù ú pọ̀, oje rẹ̀ sì so mọ́ èso. Ẹni tó wá rà á lóko ki ọwọ́ bọ inú àpò rẹ̀, ó bù ú jáde, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Èso koríko dúdú kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó di ẹnu àpò náà padà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wá sí ìdí tèmi. Hàjíyá ń wò mí bóyá màá bá òun bẹ̀ ẹ́. Mo ń bá a di ẹnu àpò mi mú.

Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Ó pẹ́ tí mo ti sùn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Ọ̀kan lára àwọn obìnrin náà ló sọ ọ́ fún ọkọ mi, kò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ó pàdé rẹ̀ lábúlé, ó ń yìn mí fún un. Ó ní ìyàwó rẹ lawọ́, ó gbà wá fún odidi ọ̀sẹ̀ lórí oko tí kò ní koríko. Ọkọ mi dé ilé, ó ti oúnjẹ sẹ́yìn.

Ó ní, “Ṣé òótọ́ ni?”

“Òótọ́ ni.”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi pọ̀n mí dàgbà.”

Mo ní, “Ẹ̀yìn tó fi pọ̀n yín náà ni kó fi tu koríko rẹ̀.”

Ó dìde, ó bọ́ síta. Ó pẹ́ kó tó tún bá mi sọ̀rọ̀ ju ohun tó jẹ mọ́ àwọn ọmọ lọ. Ohun tí ẹ̀san náà ná mi nìyẹn, ó sì dùn mí, torí pé ọkùnrin dáadáa ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá bi mí pé ṣé màá tún un ṣe, màá ní bẹ́ẹ̀ ni.

Kí òjò tó tún dé, Hàjíyá wá sí Dichemso. Ó bá mi nídìí agbada, àwọn oníbàárà tò síwájú mi. Mo kí i, mo ní kó má bínú, ọwọ́ mi ò dilẹ̀. Kò sí àga níbẹ̀, mi ò sì rán ẹnikẹ́ni lọ gbé e wá. Ó dúró nínú èéfín títí mo fi dín èyí tó wà lórí iná tán. Ó ti rù díẹ̀.

Ó ní, “Ìyàwó, mo mọ̀ pé ẹ̀wà ni. Lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ̀ ọ́n.”

Mo ń yí wàrà padà nínú òróró. “Kí ló dé tí ẹ fi ṣe é?”

“Mo fẹ́ kí ọmọ mi tó ṣì wà ní Nàìjíríà wá kọ́lé sórí ilẹ̀ yẹn. Mo rò pé bó bá bà ọ́ lọ́kàn jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wàá padà sídìí iná rẹ. Ọmọ náà tiẹ̀ ní òun ò fẹ́ ilẹ̀ kankan ní Gáànà.”

Mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn fún ọdún mélòó kan. Mo ti rò ó nínú àdúrà, mo ti rò ó lórí ibùsùn. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, ó dùn. Ṣùgbọ́n kò tó. Ó dà bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ tí wọ́n fún ní omi nínú ìdérí ìgò.

Ó ní, “Kọ́ mi bí o ṣe ń ṣe é.”

Mo ní, “Ẹ wá lọ́jọ́ tí a bá máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ọkọ́ yín dání. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ro apá tiyín, ẹ má gba ẹnikẹ́ni.”

Mo rò pé kò ní wá. Ó wá. Ó wọ bàtà òjò, ó wé gèlè rẹ̀ mọ́rí pinpin. Mo fi bí wọ́n ṣe ń tan koríko jáde kí a tó gbin sóyà hàn án, mo fi bí ilà ṣe ń súnmọ́ra hàn án. Mi ò fi nǹkan kan pamọ́ fún un nínú ìyẹn. Nígbà tí ẹ̀wà hù, tó di pé kí a fọwọ́ tu èyí tó tún yọ, òun ló ṣíwájú, èmi ni mo tẹ̀ lé e.

“Hàjíyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà síbí. Ẹ gbàgbé gbòǹgbò rẹ̀ sínú ilẹ̀.”

Ó padà.

“Ẹ má bínú, Hàjíyá. Èyí náà ṣì kù.”

Ó padà. Kò sí ilà kan tí mi ò dá a padà sí, pẹ̀lú “ẹ jọ̀wọ́” àti “ẹ má bínú” lẹ́nu mi ní gbogbo ìgbà. Àwọn obìnrin abúlé dúró sétí oko, wọ́n ń wò wá.

Oòrùn ti wá mú. Olóje ló ń fà tu, oje náà sì ti bo ìka rẹ̀. Òógùn ń ṣàn bọ́ sójú rẹ̀. Èmi mọ̀ pé oje yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi kan ojú. Ó ti ṣe mí rí lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀. Mo rí i bó ṣe gbé ọwọ́ sókè. Àyè wà fún mi láti sọ̀rọ̀. Mo dákẹ́.

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó pariwo, ó jókòó lulẹ̀. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi, mo kúnlẹ̀ tì í, mo gbá orí rẹ̀ mú, mo ń da omi sí i lójú díẹ̀díẹ̀, mo ń ní kó máa ṣẹ́jú. Ojú náà pọ́n bí ata. Ó di apá mi mú pinpin bí ọmọdé. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó lè là á.

“O ṣeun,” ló sọ.

“Kò tọ́pẹ́, Hàjíyá.”

Ó nu imú rẹ̀ sí etí ìró. Ó wo iṣẹ́ tó kù, ó wò mí. “Ṣé kí n máa lọ sílé báyìí?”

Mo lè ní kó máa lọ. Ẹni tó bá ṣàánú á ní kó máa lọ.

Mo ní, “Ó ku díẹ̀, Hàjíyá. Ẹ jẹ́ ká parí rẹ̀.”

Ó dìde. A parí rẹ̀. Sóyà rẹ̀ ṣe dáadáa lọ́dún náà, ẹni tó ń ra tèmi ra tirẹ̀ náà, ọkọ mi sì ra ẹran wálé lọ́jọ́ tí wọ́n kó àpò wa sínú ọkọ̀ kan náà. Ó ní òun mọ̀ pé ó máa parí bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bíi ti àtijọ́, mo gbé àwo rẹ̀ síwájú rẹ̀, mo ṣe ojú bí ẹni tó ti gbàgbé.